Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi: bí a ṣe ń dá ewéko padà sí àgbàlá oníkọnkéré

Bí ẹ bá fẹ́ kí ewé tún hù ní àgbàlá tí ẹ ti fi kọnkéré bò, ẹ má tíì ra òdòdó, ẹ má sì tíì pe bíríkìlà. Ẹ dúró de òjò ńlá kan. Bó bá ti ń rọ̀ ni kí ẹ mú agboòrùn, kí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa fi ojú bá omi lọ: ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń já lulẹ̀, ibi tó ń gbà kọjá lórí kọnkéré, ibi tó ti ń dúró ṣe adágún, àti ibi tó ń gbà sá jáde lábẹ́ géètì. Bí òjò bá dá tí ilẹ̀ sì gbẹ, ẹ fi èédú sàmì sí gbogbo ibẹ̀. Àmì èédú yẹn ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní i, ibi tó wu ojú ló máa gbẹ́, ibẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ibi tí omi fẹ́.

Ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́gbọ́n yìí, lẹ́yìn tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é lódìlódì. Nígbà tí a wà ní kékeré, iyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo àgbàlá náà. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ewúro wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Àràárọ̀ la máa ń gbálẹ̀, tí ojú ọwọ̀ á hàn lórí ilẹ̀ bí ojú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Nígbà tí ọwọ́ wa tẹ́nu díẹ̀, a gé àgbálùmọ̀, a da kọnkéré síwájú ilé, a tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sẹ́yìn. Ó mọ́ tónítóní. Mọ́tò mẹ́rin ń gbà níbẹ̀ nígbà Ojúde Ọba. Òjò oṣù Kẹfà ọdún yẹn ló là wá lójú: omi tí ilẹ̀ ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́ kò ríbi wọ̀ mọ́, ló bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ yàrá ìyá mi. A fi ike gbọ́n ọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n máa ń pòwe mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde pé àjòjì kì í wọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́ nìyẹn. Lóde òní àjòjì ń wọ̀lú wọ́ọ́rọ́wọ́, òjò la ò jẹ́ kó wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Òjò tó bá rọ̀ tó mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, lítà omi 1 ni. Bí kọnkéré yín bá wá fẹ̀ ní mítà 5, tó gùn ní mítà 10, òjò ọ̀sán kan tó tó mílímítà 20 ti da lítà 1,000 lé e lórí. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ni, ogójì gbáko, láì tíì ka ti orí páànù. Lágbègbè wa, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún máa ń tó bíi mílímítà 1,500. Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni, wọ́n ní. Tiwa ń ṣàn kọjá ní tirẹ̀, ó ń wọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dání lọ sínú gọ́tà, nígbà tó bá sì di oṣù Kejì, a ó máa sanwó fún ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri. Mi ò sọ pé kọnkéré ilé kan ló ń gbẹ kànga, ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín, ẹ ka iye ilé tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì hàn nínú ọgbà wọn.

Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Kọnkéré a máa mu oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa tú u jáde lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí yàrá ò sì ṣe é sùn. Ewé ní tirẹ̀ ń fa omi látinú ilẹ̀, ó ń tú u sáfẹ́fẹ́ bí òógùn, ibi tó bá wà a sì tutù.

Kì í ṣe pé mo kórìíra sìmẹ́ǹtì o. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe é, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sì ti wà ní Ṣàgámù láti ọdún 1978; ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun níbẹ̀. Ibi tí kò yẹ kó wà ni mo ń sọ.

Ibi tí a ó ṣí, àti ibi tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀. Mọ́tò á wọlé, ìnáwó á délé, wọ́n á to àga. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kí ẹ fojú sí: bí kọnkéré bá tó mítà 5 sí 10 bí èyí tí a ṣírò lókè yẹn, ìlà tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 5, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ojú ilẹ̀ ibẹ̀ fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà rẹlẹ̀ sí kọnkéré, yóò gba bíi lítà 750 lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á sì máa wọlẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀.

Ẹsẹ̀ ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí. Ẹ má dán an wò. Omi tó bá ń wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri, ìpìlẹ̀ ilé ló ń lọ bá. Ẹ fi kọnkéré tó yí ilé ká sílẹ̀ bó ṣe wà, ó kéré tán mítà 1 sí ògiri. Ẹ jẹ́ kí omi já lé e, kí ó gba orí rẹ̀ ṣàn lọ sí ibi tí ẹ ṣí níwájú. Bí kò bá dà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gé ojú omi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sínú kọnkéré, kó máa gba ibẹ̀ lọ.

Ògiri ọgbà náà ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í sábà jìn. Ẹ jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, pàápàá bí ó bá ti ń tẹ̀ díẹ̀. Ẹ jìnnà sí sọ́kàwéè pẹ̀lú: ẹ̀fọ́ jíjẹ kò gbọdọ̀ sí nítòsí rẹ̀, igi tó bá sì mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, yóò wá a dé inú. Kí ẹ tó gbé dígà, ẹ bi ẹni tó kọ́lé léèrè ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà. Tí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ẹ máa fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbẹ́ ẹ.

Fún ibi tí mọ́tò ń gbà, ojú táyà méjì nìkan ló nílò kọnkéré. Ẹ fi ìlà méjì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ wá ṣí àárín rẹ̀ fún koríko. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí pé kò gba ààyè kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Yíyọ íńtálọ́ọ̀kì àti fífọ́ kọnkéré

Oṣù Kejì tàbí Kẹta ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, kí ilẹ̀ náà lè ti jinná kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Íńtálọ́ọ̀kì kò le. Òkúta kìíní nìkan ló ní wàhálà nínú, torí wọ́n fún mọ́ra wọn bí eyín. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì tì í lápá ọ̀tún àti òsì, kí ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gòkè. Bó bá kọ̀, ẹ fi òòlù fọ́ ọ̀kan yẹn sáàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ lásán lẹ ó máa fi yọ ìyókù. Nígbà tí mo pe bíríkìlà tó tẹ́ tiwa, ó wò mí títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sanwó fún mi kí n tẹ́ ẹ. Ẹ tún fẹ́ sanwó kí n tú u?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ṣe é. Òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀: òkúta tó wà létí ibi tí ẹ ṣí yóò máa sún wá díẹ̀díẹ̀ bí mọ́tò bá ń gun orí rẹ̀, títí gbogbo ilẹ̀ yóò fi yẹ̀. Ẹ mú lára èyí tí ẹ yọ, ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dì í mọ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí etí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti mọ odi sí omi lójú nìyẹn.

Kọnkéré tí a dà lé ilẹ̀ ló gba agbára. Ti àgbàlá ilé kì í sábà nípọn ju ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹ háyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì àti irin, ẹ kọ́kọ́ fi gé ìlà yí ibi tí ẹ fẹ́ ṣí ká, kí ìfọ́ má bàa sá lọ sí ibi tí ẹ kò fẹ́. Ẹ máa bu omi sí i bí ẹ ti ń gé e, kí ẹ fi nǹkan bo imú, kí ẹ sì wọ awò ojú. Eruku sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Lẹ́yìn náà ni òòlù ńlá. Etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe ti àárín. Bí ẹ bá ki dígà bọ abẹ́ rẹ̀, tí ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó lù ú, ìlù méjì péré ló máa gbà.

Ẹ má da àfọ́kù rẹ̀ sínú gọ́tà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Èyí tó bá pẹlẹbẹ dára fún ibi tí a ó máa tẹ̀ kọjá láàárín ewéko.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Lọ́jọ́ tí a yọ íńtálọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ilé, mo ti ń retí iyẹ̀pẹ̀ tí mo mọ̀ nígbà èwe. Ohun tí mo bá ni eruku òkúta aláwọ̀ eérú, tó jìn tó ínǹṣì mẹ́rin. Lábẹ́ ìyẹn ni ilẹ̀pa pupa tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gún mọ́lẹ̀, tó le bí ìkòkò. Mo fi èékánná ha á, kò ha. Kò sí ekòló kan ṣoṣo níbẹ̀. Gbòǹgbò àgbálùmọ̀ wa àtijọ́ kan ṣì wà, ó ti gbẹ, ó ti fúyẹ́ bí ẹ̀ẹ́rù. Nígbà tí mo fà á, ihò tó fi sílẹ̀ nìkan ni omi rí wọ̀ nígbà tí a da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀.

Torí náà, ẹ kó gbogbo eruku òkúta àti yanrìn yẹn kúrò. Àjẹkù sìmẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko kò sì fẹ́ ẹ: ewé wọn á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín iṣan. Ẹ wá fi dígà tú ilẹ̀pa náà wò tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, àfi èyí tó bá máa gba ààyè iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ó dà lé e, kí ojú ilẹ̀ lè ṣì rẹlẹ̀ sí kọnkéré bí mo ti sọ. Kó ṣáà ti là, kí gbòǹgbò àti omi lè rí ọ̀nà gbà.

Kí ẹ tó da ohunkóhun lé e, ẹ dán an wò. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan nínú rẹ̀ tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pọnmi kún un, kí ó fà tán, kí ẹ tún pọn ọn kún. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kí ẹ kà. Bí omi bá ń fi bíi ínǹṣì kan lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ yín ń mu. Bó bá di ọjọ́ kejì tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún tú u jìn sí i, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Ìlà tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 5, bí ẹ bá fẹ́ kún un tó ẹsẹ̀ bàtà kan, yóò gba bíi bárò 20 sí 25. Ìdá méjì iyẹ̀pẹ̀, ìdá kan ohun tó ti jẹrà. Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi tó burú jù. Wọ́n fún mi ní àpò ìgbẹ́ adìẹ mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣì ń rùn, ó ṣì gbóná nínú àpò. Inú mi dùn. Mo pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ sí i lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹrin, etí ewé ìbẹ́pẹ ti jó bí ìwé tí wọ́n sún mọ́ fìtílà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù lágbára jù. Ẹ kó o jọ síbi kan, ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó pò ó, ẹ bò ó, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti di ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó tó lò.

Ohun kan tún wà tí a ní ju àwọn ibòmíràn lọ: èèpo ẹ̀gẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, òkìtì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń bẹ èèyàn kó wá kó o. Ẹ sá a, ẹ tò ó ní ipele ipele pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹ máa fi omi wọ́n ọn, kí ẹ sì yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yóò ti dúdú, yóò sì máa fọ́ lọ́wọ́. Omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀ yín. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fún gàrí, ẹ wò ó bóyá koríko kan hù níbẹ̀.

Kí la ó gbìn?

Ibi tí omi ń dúró pẹ́ jù nínú ìlà náà, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa dùn mọ́ níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ mítà 2 sí ògiri, torí yóò pọ̀ sí i, bí ìjì bá sì gbé e, yóò fẹ́ ibi tó máa ṣubú sí. Gbúre a máa hù létí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Koríko ọba dára létí ibi tí omi ti ń wọlé: ìdì rẹ̀ a máa di pàǹtí mú, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa di iyẹ̀pẹ̀ mú kí omi má wọ́ ọ lọ.

Ibi tí oòrùn ń pa gan-an, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti efínrín. Ewédú ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ tí ẹ ó fi máa já a, èyí sì ni mo ṣe máa ń sọ pé òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ará ilé tó bá ti jẹ ewédú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní bèèrè mọ́ pé kí la fọ́ ilẹ̀ fún.

Ògiri ọgbà tó gbóná, ẹ jẹ́ kí nǹkan gùn ún. Ùgwú ń gùn dáadáa, ewùrà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ na okùn lórí igi tó dá dúró, kí ó má rọ̀ mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Ewùrà tí ẹ bá gbìn ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ewé rẹ̀ bá ti gbẹ lọ́gbẹlẹ̀ ìparí ọdún, ẹ wú u. Ìkọ́kọrẹ́ ọdún Kérésì ti jáde látinú àgbàlá nìyẹn.

Ibi tóóró tí kò gba nǹkan mìíràn, akòko àti pèrègún ni. Àwọn ni wọ́n ti fi ń pààlà ilẹ̀ nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́, ewé akòko sì ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó bá joyè, nítorí náà kò sí àgbà tó máa bá yín jà pé ẹ gbìn ín. Ní oṣù Kẹfà, ẹ gé ẹ̀ka akòko tó gùn tó apá, tó nípọn tó àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ẹ rì í bọlẹ̀ dé ìdajì, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Tiwa dàbí igi òkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti fẹ́ fà á tu nígbà tí mo rí i pé ojú kan lára rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ojú ẹyẹlé, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ewé méjì ti yọ ṣóńṣó.

Ní ti igi ńlá, ẹ ṣọ́ra. Ọdán ń tutù, ìbòòji rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ máa gbé kọnkéré sókè, á sì wọ sọ́kàwéè. Fúrúǹtù náà a máa gbé ilẹ̀. Máńgòrò ń fẹ́ mítà 8 ó kéré tán láàárín òun àti ilé. Fún àgbàlá tí kò tóbi, ìbẹ́pẹ, gúáfà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ló dára. Ìbẹ́pẹ lè so láàárín oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àgbálùmọ̀ tí ẹ bá gbin kóró rẹ̀ lè gba ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so, mo sì ti gbin òmíràn síbi tí ààyè wà, jìnnà sí ilé. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà ni.

Ihò tí ẹ bá ṣí fún igi lórí kọnkéré kò gbọdọ̀ kéré sí mítà 1 níbùú lóròó. Igi tí wọ́n fi ihò tó bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún, yálà kó kú tàbí kó fọ́ kọnkéré yẹn fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún sí Kẹfà ni kí ẹ gbin igi, kí ó lè ti mú ilẹ̀ kí ọ̀dá kékeré oṣù Kẹjọ tó dé. Èyí tí ẹ bá gbìn lóṣù Kẹwàá, ẹ mọ̀ pé ẹ ó máa pọnmi fún un títí di oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi.

Ẹni tó háyà ilé, àti ẹni tí kò ní àgbàlá

Ẹ má fọ́ ilẹ̀ onílé láìsọ fún un. Àpò ìrẹsì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé orí rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ṣe é gbìn sí, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e lé òkúta méjì kí omi lè jáde, kí ooru kọnkéré má sì se gbòǹgbò. Ata, efínrín àti ṣọkọ yòkòtò ń ṣe dáadáa nínú wọn. Oòrùn máa ń jẹ àpò ìrẹsì, kì í sábà ju ọdún kan lọ kó tó ya. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e.

Bí ó bá jẹ́ etí títì lẹ fẹ́ gbìn, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì gbójú sókè wo wáyà iná kí ẹ tó yan igi. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, láti ọdún 2021 ni àwọn ìlú wọn ti ń bá ara wọn díje, wọ́n ń ka òkúta ilẹ̀ tí ìlú kọ̀ọ̀kan yọ láti fi ewéko rọ́pò rẹ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Àwa tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń díje lórí aṣọ ní Ojúde Ọba lọ́dọọdún, tí ìdílé àwọn Balógun sì ń díje lórí ẹṣin, ta ló máa lè bá wa du irú ìdíje yẹn bí a bá dáwọ́ lé e?

Ejò, ẹ̀fọn àti ewúrẹ́

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ta kò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, a ti lajú tán, o tún fẹ́ kó wa padà sínú igbó. Ṣé ejò lo fẹ́ kí ó wá kí mi?" Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ejò máa ń tẹ̀lé eku àti ọ̀pọ̀lọ́, àwọn wọ̀nyí sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó àti páànù àtijọ́ tí a kó jọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò. Ẹ jẹ́ kí koríko kéré, kí ẹ máa gé ewé ìsàlẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kí ojú lè ríran dé ìdí wọn, kí ẹ má sì gbin nǹkan tó ṣú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀fọn ń fẹ́ omi tó dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ibi tí omi bá ti wọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀fọn kò lè dàgbà níbẹ̀. Agolo àti táyà tó wà lẹ́yìn ilé ló ń bí i.

Ewúrẹ́ ló burú jù ní tèmi. Ó jẹ akòko, ó jẹ ọsàn, ó sì padà wá jẹ èyí tó kù lọ́jọ́ kejì. Ẹ ti géètì. Bí géètì kò bá ṣeé tì, ẹ gbin efínrín àti koríko ọba sí etí ìta. Ewúrẹ́ wa kì í bìkítà fún wọn, àmọ́ mi ò lè ṣe onídùúró fún ewúrẹ́ yín.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bá dé, ẹ tún gbé agboòrùn yín, kí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ibi tí omi ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú ìlà tí ẹ ṣí, kí ẹ gé ojú ọ̀nà kékeré fún un láti máa gba ibẹ̀ jáde sí gọ́tà, kó má padà sí ẹsẹ̀ ilé. Ẹ wo ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti wọ́ lọ, ẹ fi òkúta díẹ̀ síbẹ̀. Tiwa, omi tó ń gba abẹ́ géètì jáde ti tín-ín-rín bí okùn ìkọ́, yàrá ìyá mi sì gbẹ. Ní oṣù Kẹta tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ ìlà mìíràn nítòsí ilé ìdáná fún ewùrà. Nígbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti fi èédú sàmì sí i fúnra wọn. Ó sún mọ́ ògiri jù. A sún un síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì.